Ìyá Àgbà Mi Kọ́ Ni Ẹ Ń Rí Nínú Fíìmù

 Orúkọ mi ni Mustapha Ayọ̀délé. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí. London níbí ni wọ́n bí mi sí. Ẹ̀yin tí a jọ wà ní kíláàsì ní ilé ẹ̀kọ́ Yorùbá ní gbogbo Sátidé, Ayọ̀ lẹ máa ń pè mí. Ọ̀pọ̀ nínú yín ò tiẹ̀ mọ̀ pé mò ń jẹ́ Mustapha. Èmi ni mo fi orúkọ yẹn pamọ́. Ìdí tí mo fi fi í pamọ́ ni mo fẹ́ sọ lónìí, àti ohun tí mo rò pé ó yẹ kí gbogbo wa ṣe sí ọ̀rọ̀ náà.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò le rárá. Àwọn fíìmù, ìròyìn àti fídíò orí fóònù máa ń fi àwòrán kan ṣoṣo hàn wá nípa àwọn Mùsùlùmí. Àwòrán ẹni tó ń bínú ni, tó ń pariwo, tó gbé ìbọn tàbí bọ́ǹbù lọ́wọ́. Tí èèyàn bá ń rí àwòrán yìí lójoojúmọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé bí gbogbo Mùsùlùmí ṣe rí nìyẹn. Kò dáa bẹ́ẹ̀. Ó ń pa àwọn èèyàn lára. Ó pa èmi náà lára, ó sì mú kí n ṣe ohun kan tí ojú ń tì mí láti sọ. Ṣùgbọ́n màá sọ ọ́.

Ní oṣù Kẹsàn-án tó kọjá, mo bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ girama. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ni, ó tóbi gan-an, mi ò sì mọ ẹnikẹ́ni ní kíláàsì mi. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, tíṣà ń pe orúkọ wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kàn mí, ó pe "Mustapha." Mo dáhùn. Ọmọkùnrin kan tó jókòó lẹ́yìn mi wá fi ẹnu ṣe bí ìgbà tí bọ́ǹbù bú: "Gbòà!" Àwọn bí mẹ́rin márùn-ún rẹ́rìn-ín. Tíṣà ò gbọ́, torí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ló ń wò.

Ṣé ẹ mọ ohun tí mo ṣe? Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín kí wọ́n má baà mọ̀ pé ó dùn mí. Nígbà tí a jáde lọ ṣeré, mo sọ fún wọn pé, "Ẹ máa pè mí ní Ayọ̀." Láti ọjọ́ náà, Mustapha parẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ yẹn.

Orúkọ yìí kì í ṣe orúkọ lásán o. Orúkọ tí bàbá bàbá mi ń jẹ́ ni. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ẹni tí a ṣà yàn. Ní ọjọ́ kẹjọ tí wọ́n bí mi, bàbá mi fún mi ní Mustapha, ìyá mi sì fún mi ní Ayọ̀délé. Mùsùlùmí ni bàbá mi, Kìrìsìtẹ́nì ni ìyá mi. Nílé wa, a máa ń jẹ ìrẹsì Kérésì, a sì máa ń jẹ ẹran Iléyá. Èmi àti àbúrò mi máa ń bá bàbá wa kírun, tí wọ́n bá sì ń ṣe ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì ìyá wa, a máa ń wọ aṣọ tuntun lọ. Mi ò rò ó rí pé ó ṣòro.

Ní oṣù Kẹwàá, ìyá bàbá mi wá kí wa láti Ìbàdàn. Alhája ni gbogbo èèyàn ń pè wọ́n. Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́. Aṣọ ni wọ́n ń tà ní ọjà Gbági kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n fẹ́ràn bọ́ọ̀lù ju bàbá mi lọ, wọ́n sì máa ń bú rẹfirí. Wọ́n máa ń jí kírun Àsùbáà kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n á wá máa dárúkọ gbogbo wa nínú àdúrà, títí kan ológbò aládùúgbò wa tó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n máa ń wọ híjáàbù gígùn, tẹ̀súbáà kì í sì í kúrò lọ́wọ́ wọn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ilé ẹ̀kọ́ wa pe àwọn òbí kí wọ́n wá wo iṣẹ́ wa. Bàbá mi wà lẹ́nu iṣẹ́. Ìyá mi ló gbé wa lọ. Alhája ti wọ léèsì àti híjáàbù funfun, wọ́n ti fi lọ́fíńdà sára, inú wọn ń dùn. Bí a ṣe dé itòsí géètì, mo rí ọmọkùnrin yẹn àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Àyà mi já. Mo wá pa irọ́. Mo ní, "Alhája, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ní ẹnì kan ṣoṣo ló lè bá ọmọ kan wọlé." Ìyá mi wò mí, ṣùgbọ́n wọn ò mọ̀ pé irọ́ ni. Alhája ní, "Kò burú, ọmọ mi." Wọ́n dúró sínú mọ́tò nínú òtútù fún nǹkan bíi wákàtí kan.

Nígbà tí a jáde, wọ́n bi mí bóyá tíṣà yin iṣẹ́ mi. Wọn ò sọ nǹkan mìíràn títí a fi délé. Nígbà tí mo fẹ́ lọ sùn ni wọ́n pè mí sí yàrá wọn.

"Mustapha," wọ́n ní, "ṣé híjáàbù mi ni?"

Mi ò lè dáhùn. Ẹkún ni mo bú sí.

"Mo mọ̀," wọ́n ní. "Lánàá, nínú bọ́ọ̀sì, mo jókòó ti obìnrin kan, ó sì dìde lọ dúró. Àyè wà o, ó kàn lọ dúró ni. Mi ò bá a jà. Kò mọ̀ mí. Ṣùgbọ́n ìwọ mọ̀ mí."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ egungun. Wọ́n wá bi mí pé, "Ìtìjú yìí, ta ló kọ́ ọ?"

Ìbéèrè yẹn ni mo gbé lọ sùn, òun náà ni mo gbé jí. Bàbá mi ò kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Ìyá mi ò kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Ta ló kọ́ mi, nígbà náà? Ta ló kọ́ ọmọkùnrin tó ṣe "gbòà"? Mo bi òun fúnra rẹ̀ nígbà tó yá. Ó ní inú géèmù ló ti kọ́ ọ, géèmù tí wọ́n ti ń yìnbọn, pé bí àwọn ọ̀tá ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ó ní òun ò bínú sí mi, òun kàn ń ṣe àwàdà ni. Mo gbà á gbọ́. Kì í ṣe ọmọ burúkú. Àwòrán kan ṣoṣo yẹn ni wọ́n ti fi kún orí rẹ̀, bí wọ́n ṣe fi kún orí tèmi náà.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí, ìyá mi sì bá mi kà á. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà ní Amẹ́ríkà nígbà kan tó ń jẹ́ Jack Shaheen. Ní ọdún 2001, wọ́n tẹ ìwé kan jáde nípa àwọn fíìmù Hollywood tí àwọn Lárúbáwá wà nínú wọn. Fíìmù tó lé ní 900 ni wọ́n yẹ̀ wò. Nínú èyí tó pọ̀ jù lọ, ìkà, òmùgọ̀ tàbí apànìyàn ni wọ́n fi Lárúbáwá ṣe. Àwọn tó ń ṣe fíìmù tún máa ń da Lárúbáwá àti Mùsùlùmí pọ̀, bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ọ̀pọ̀ Lárúbáwá ni kì í ṣe Mùsùlùmí, ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ni kì í sì í ṣe Lárúbáwá. Alhája mi kì í ṣe Lárúbáwá, ọmọ Ìbàdàn ni wọ́n.

Fíìmù àwọn ọmọdé náà wà níbẹ̀. Ẹ̀yin òbí wa mọ Aladdin, èyí tí Disney ṣe ní ọdún 1992. Nínú orin tó bẹ̀rẹ̀ fíìmù yẹn, wọ́n sọ pé àwọn ará ibẹ̀ máa ń gé etí èèyàn. Orin ọmọdé o! Àwọn Lárúbáwá tó ń gbé ní Amẹ́ríkà fi ẹ̀hónú hàn, nígbà tí fídíò rẹ̀ sì jáde ní ọdún 1993, wọ́n ti yí ọ̀rọ̀ yẹn padà. Mo kọ́ ẹ̀kọ́ méjì níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé láti kékeré ni wọ́n ti ń kọ́ wa. Ìkejì ni pé tí èèyàn bá sọ̀rọ̀, nǹkan lè yí padà.

Òṣèré kan wà, ọmọ London níbí, Riz Ahmed lorúkọ rẹ̀. Ní ọdún 2017, ó lọ sọ̀rọ̀ ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin lórí bí wọ́n ṣe ń fi àwọn èèyàn bíi tiẹ̀ hàn lórí tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló mú kí àwọn kan ṣe ìdánwò márùn-ún tí wọ́n ń pè ní Riz Test. Tí Mùsùlùmí bá wà nínú fíìmù, ẹ máa béèrè: Ṣé ọ̀rọ̀ àwọn agbésùnmọ̀mí ni wọ́n torí ẹ̀ mú un wọ inú fíìmù? Ṣé ńṣe ló ń bínú láìnídìí? Ṣé wọ́n ṣe é bí ẹni tí ojú rẹ̀ ò là? Ṣé wọ́n ṣe é bí ẹni tó fẹ́ ba ìlú jẹ́? Tó bá jẹ́ ọkùnrin, ṣé ó kórìíra obìnrin? Tó bá jẹ́ obìnrin, ṣé ọkùnrin ń fìyà jẹ ẹ́? Tí ìdáhùn sí ọ̀kan péré bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, fíìmù náà ti gba òdo. Mo fi dán fíìmù ọlọ́pàá kan wò tí bàbá mi fẹ́ràn. Ó kùnà nínú mẹ́rin. Bàbá mi ní, "Há, mi ò tiẹ̀ kíyè sí i rí." Wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí, wọn ò sì kíyè sí i. Bí ó ṣe máa ń mọ́ èèyàn lára nìyẹn.

Ṣùgbọ́n fíìmù nìyẹn, ẹnì kan lè sọ pé eré lásán ni. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wo ìròyìn. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹrin ọdún 1995, bọ́ǹbù bú ní ìlú Oklahoma City ní Amẹ́ríkà, ó sì pa èèyàn 168. Kí wọ́n tó mọ ẹni tó ṣe é, àwọn kan ti ń sọ lórí tẹlifíṣọ̀n pé iṣẹ́ àwọn ará Mid́ù Íìsì nìyẹn. Nígbà tí wọ́n mú ẹni náà, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ funfun ni, Timothy McVeigh, ẹni tó ti ṣe sójà rí.

Èyí tí àwa náà fojú rí ni ti ọdún 2024. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà. Ní ọjọ́ 29 oṣù Keje, ẹnì kan pa àwọn ọmọbìnrin kékeré mẹ́ta ní ìlú Southport, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ijó. Ohun tó bani nínú jẹ́ gan-an ni, ìyá mi sunkún. Kó tó di alẹ́, irọ́ ti gba orí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ń pe orúkọ kan tó dà bí orúkọ Mùsùlùmí, wọ́n ní ọkọ̀ ojú omi ló fi wọ ìlú yìí. Orúkọ yẹn kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Ìlú Cardiff ni wọ́n bí i sí. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì, àwọn èèyàn ti lọ sọ òkò lu mọ́ṣáláṣí Southport, tí kò mọwọ́ tí kò mẹsẹ̀. Ìjà náà tàn dé àwọn ìlú mìíràn. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, bàbá mi lọ kí Jímọ̀ ní mọ́ṣáláṣí wa, ìyá mi sì dúró lójú wíńdò títí wọ́n fi dé.

Tótó, ó ṣe bí òwe o, ẹ̀yin àgbà: bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí òtítọ́ tó bá irọ́ Southport, ó ti fọ́ wíńdò, ó ti wó ògiri mọ́ṣáláṣí. Kí ló dé tí àwọn èèyàn fi tètè gba irọ́ náà gbọ́? Torí ó bá àwòrán tó ti wà lórí wọn mu ni. Kò sí ẹni tó ní, "Ẹ dúró ná, ẹ jẹ́ ká mọ̀."

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí náà kí ọ̀rọ̀ mi lè pé: ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, àwọn ará Southport fúnra wọn, àwọn bíríkìlà àti àwọn aládùúgbò, wá gbálẹ̀, wọ́n sì tún ògiri náà mọ. Mi ò fẹ́ kí àwa náà fi àwòrán kan ṣoṣo wo àwọn òyìnbó.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Finsbury Park, ní London wa níbí, ló yà mí lẹ́nu jù. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2017, nínú ààwẹ̀ Ràmàdáànì, ọkùnrin kan fi ọkọ̀ kọ lu àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun alẹ́ tán. Ẹnì kan kú, àwọn mìíràn farapa. Adájọ́ tó dá ẹjọ́ rẹ̀ sọ pé ohun tó ń kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti ọ̀dọ̀ àwọn tó kórìíra Mùsùlùmí ló tètè yí i lórí. Nígbà tí wọ́n mú un mọ́lẹ̀ lójú títì, inú ń bí àwọn èèyàn. Ìmáàmù mọ́ṣáláṣí tó wà nítòsí ló dúró sáàárín, tó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án títí ọlọ́pàá fi dé. Ọkùnrin tó wá pa wọ́n ni ìmáàmù dáàbò bò o! Ẹ jọ̀ọ́, fíìmù mélòó lẹ ti rí tí irú Mùsùlùmí bẹ́ẹ̀ wà nínú rẹ̀?

Ẹnì kan á sọ pé, "Ṣùgbọ́n Mùsùlùmí kan wà tó ń pa èèyàn lóòótọ́. Boko Haram ńkọ́?" Ìbéèrè gidi ni, mi ò ní sá fún un. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n wà, ìkà sì ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 28 oṣù Kọkànlá ọdún 2014, ní ọjọ́ Jímọ̀, mọ́ṣáláṣí ńlá ìlú Kano ni bọ́ǹbù ti bú láàárín àwọn tó ń kírun, èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún sì kú. Mùsùlùmí ni wọ́n. Àwọn tí Boko Haram ń pa, Mùsùlùmí pọ̀ nínú wọn. Tí ẹ bá wá ń bẹ̀rù Alhája mi nítorí àwọn tó ń pa àwọn èèyàn bíi tiwọn, ṣé ó bọ́gbọ́n mu? Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2021, Mùsùlùmí tó wà ní England àti Wales jẹ́ mílíọ̀nù 3.9. Nínú wọn ni awakọ̀ bọ́ọ̀sì wà, nọ́ọ̀sì, dókítà, tíṣà ìṣirò mi, àti ẹni tó ń gé irun mi. Ìka ò dọ́gba. Tí òyìnbó kan bá ṣe ibi, kò sẹ́ni tó máa ní kí ọ̀rẹ́ mi Jack wá bẹ̀bẹ̀. Kí ló dé tó fi jẹ́ pé èmi ni wọ́n máa ń wò?

Ní báyìí, mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ilé tiwa. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ má jẹ́ ká dá gbogbo ẹ̀bi fún Hollywood. Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù Yorùbá tí a jọ ń wò nílé, kí ni iṣẹ́ ààfáà? Oògùn ni. Obìnrin kan á wá bá a kó bá òun de ọkọ òun mọ́lẹ̀, á ka owó, á di ojú, á máa mì lọ mì bọ̀. Àwa á máa rẹ́rìn-ín. Ààfáà tó ń kọ́ wa ní kéwú ní mọ́ṣáláṣí wa, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe láàárín ọ̀sẹ̀, kì í sì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Irú rẹ̀ ò sí nínú fíìmù. Àwọn oníṣẹ̀ṣe náà ńkọ́? Tí wọ́n bá ti wọ aṣọ pupa nínú fíìmù, ibi ni wọ́n fẹ́ ṣe. Alhája mi gan-an máa ń sọ pé bí gbogbo wọn ṣe rí nìyẹn. Mo sọ fún wọn pé, "Alhája, ẹ̀yin náà ń ṣe é o." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní òótọ́ ni, àwọn á ronú sí i.

Àwa ọmọ Yorùbá ló yẹ ká mọ̀ jù. Ìsìláàmù ti wà ní ilẹ̀ Yorùbá kí àwọn míṣọ́nnárì tó dé ní àwọn ọdún 1840. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ti wà ní Èkó láti ọdún 1894. Tíṣà wa níbí kọ́ wa pé láti inú èdè Lárúbáwá ni ọ̀rọ̀ bí àdúrà, ìwàásù, àlàáfíà àti àlùbáríkà ti wọ inú èdè Yorùbá, àwọn Mùsùlùmí ló sì kó wọn wá. Ní ọjọ́ ìkórè, mo jókòó sí ṣọ́ọ̀ṣì ìyá mi, mo ń kà á lórí ìka. Pásítọ̀ ṣe ìwàásù, wọ́n gbàdúrà, wọ́n tọrọ àlàáfíà, wọ́n ní kí àlùbáríkà bá wa gbé. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé! Fújì tí gbogbo yín ń jó ní òde àríyá ńkọ́? Inú wéré ló ti jáde, orin tí wọ́n fi ń jí àwọn èèyàn sí sààrì nínú Ràmàdáànì, kí Síkírù Àyìndé Barrister tó sọ ọ́ di fújì. Tí ẹ bá ti jó fújì, ẹ ti bá Mùsùlùmí ṣọ̀rẹ́.

Ṣé ọkàn èèyàn lè yí padà? Mo rò pé ó lè yí padà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe Liverpool, ẹ gbọ́ o. Mohamed Salah dé ibẹ̀ ní ọdún 2017. Tó bá ti gbá bọ́ọ̀lù wọlé, á forí kanlẹ̀ bí ìgbà tó ń kírun, lójú gbogbo ayé. Àwọn olùwádìí ní yunifásítì Stanford rí i pé lẹ́yìn tó dé, ìwà ọ̀daràn tí ìkórìíra ń fà dín kù ní Merseyside ní ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún sí iye tí wọn ì bá retí. Ọ̀rọ̀ burúkú nípa Mùsùlùmí tí àwọn olólùfẹ́ Liverpool ń kọ sórí Twitter náà dín kù sí nǹkan bí ìdajì. Kò sẹ́ni tó wàásù fún wọn. Wọ́n kàn rí àwòrán mìíràn ni. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí Mùsùlùmí kọ́kọ́ gba góòlù kí wọ́n tó fẹ́ràn rẹ̀. Alhája mi ò lè gbá bọ́ọ̀lù, orúnkún ń dùn wọ́n.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí.

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ dákun, ẹ má bínú. Ẹ máa ń fi nǹkan ránṣẹ́ lórí WhatsApp láì kà á tán. Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́ta: Ta ló sọ ọ́? Ṣé ó dá wọn lójú? Tó bá jẹ́ pé Yorùbá ni wọ́n ń sọ ọ́ nípa rẹ̀, ṣé inú mi á dùn? Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí tí wọ́n bá gbọ́ pé ọmọ Nàìjíríà ni yín, tí wọ́n á ní, "Ẹ ò ní lù mí ní jìbìtì o?" Ọ̀nà kan náà ni.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, tí ẹnì kan bá ṣe "gbòà," ẹ má rẹ́rìn-ín bí mo ṣe rẹ́rìn-ín. Ẹ má jà náà. Ẹ kàn ní kó ṣàlàyé. Ní oṣù tó kọjá, mo sọ fún kíláàsì wa pé Mustapha ni kí wọ́n máa pè mí. Ẹlòmíràn tún ṣe "gbòà." Mo yíjú sí i, mo ní, "Kí ló pa ọ́ lẹ́rìn-ín níbẹ̀? Ṣàlàyé fún mi." Ó wo ilẹ̀. Kò rí àlàyé ṣe. Ọmọkùnrin àkọ́kọ́ yẹn wà níbẹ̀, kò sì rẹ́rìn-ín. Àyà mi ń já, ẹ má rò pé mo láyà. Ṣùgbọ́n mo sọ ọ́.

Sí ilé ẹ̀kọ́ wa yìí, mo rò pé ó yẹ ká ṣe ọjọ́ kan tí gbogbo wa á mú ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà wá, Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì àti oníṣẹ̀ṣe, kí wọ́n sọ ìtàn ara wọn fún wa. Kì í ṣe ìtàn ẹ̀sìn, ìtàn ara wọn. Ẹni tó bá ti gbọ́ bí Alhája ṣe lé olè ní Gbági, kò ní lè dìde kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn nínú bọ́ọ̀sì.

Alhája ti padà sí Ìbàdàn. Mo ti bẹ̀ wọ́n lórí fóònù, wọ́n ní àwọn ti dárí jì mí láti alẹ́ ọjọ́ yẹn. Èmi ò tíì gbàgbé ṣá. Wọ́n ń bọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Tí wọ́n bá dé, màá bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wọ híjáàbù funfun yẹn, kí wọ́n wá pàdé mi ní ẹnu géètì nígbà tí gbogbo èèyàn bá ń jáde. Èmi ni màá gbé báàgì wọn.

 Orúkọ mi ni Mustapha Ayọ̀délé. Ẹ lè pe èyí tó bá wù yín nínú méjèèjì, mi ò ní fi ọ̀kankan pamọ́ mọ́.